Màálù Delft tí ìwo rẹ̀ ti ṣẹ́ àti èyí tí ara rẹ̀ yá, èwo ni kí n rà ní gbàǹjo?

Àǹtí kan tó ń gbé ní Kent lọ́hùn-ún ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, ó sì tọ́jú ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Hóláǹdì títí ìyá fi lọ. Ìyá yẹn ní màálù amọ̀ kékeré kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára, orí pẹpẹ pálọ̀ ló máa ń wà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń nu eruku ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ti kó ẹrù ìyá lọ, àmọ́ ọkàn àǹtí wa ò kúrò lára màálù yẹn. Ní báyìí ó ti rí nǹkan méjì nínú kátálọ́ọ̀gù ilé gbàǹjo kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ màálù Delft méjì tó jẹ́ ìkejì ara wọn, wọ́n ní nǹkan bí ọdún 1760 ni wọ́n ṣe wọ́n, àmì àáké wà lábẹ́ wọn, £400 sí £600 ni iye tí wọ́n fojú bù ú sí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ nípa ara wọn gùn jàn-ànràn: typical fritting, horns and ears restored, one tail restuck, firing crack, hairline to one base. Ìkejì jẹ́ màálù kan ṣoṣo, wọ́n kàn pè é ní Delft, £80 sí £120, good overall condition, ó tán. Ó wá ní, "Sà, ṣé kí n lọ fi owó ra ohun tó ti fọ́ tán ni, àbí kí n mú ẹyọ kan tí ara rẹ̀ yá? Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ fritting?"

Àǹtí mi, ẹ kú ìrántí ìyá o. Tó bá jẹ́ èmi ni, àwọn méjì tí ẹ ní wọ́n ti fọ́ tán yẹn ni màá lọ wò, ẹyọ kan tí ara rẹ̀ yá yẹn ni màá kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ní sùúrù fún mi, àlàyé yìí máa gùn díẹ̀, torí inú amọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ò bá mọ irú amọ̀ tí wọ́n fi ṣe nǹkan yìí ò lè mọ èwo nínú àbùkù rẹ̀ ló yẹ kó dùn ún.

Delft, ìlú kan ni láàárín Den Haag àti Rotterdam. Àwọn amọ̀kòkò tó mú iṣẹ́ yìí wá, ọ̀pọ̀ wọn sá wá láti Antwerp ní ọ̀rúndún 16, wọ́n ti mọ bí àwọn ará Ítálì ṣe ń fi awọ funfun bo ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi VOC, ilé iṣẹ́ ńlá àwọn ará Hóláǹdì tó ń bá Éṣíà ṣòwò, bẹ̀rẹ̀ sí í kó tánganran gidi wá láti Ṣáínà, gbogbo olówó ń rà á, ojú àwọn amọ̀kòkò wá ń wọ̀ ọ́. Àmọ́ nígbà tí ogun dé ní Ṣáínà tí ìjọba Ming ṣubú ní 1644, ọjà ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn ará Delft sì rí àyè. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí ìlú náà ń kógbá sílé, àwọn amọ̀kòkò wá kó sínú wọn, ìdí nìyẹn tí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn fi dà bí orúkọ ilé ọtí: De Metaale Pot, De Drie Klokken, De Grieksche A, De Porceleyne Byl tó jẹ́ ti àáké tó wà lábẹ́ màálù yín yẹn. Ká tó parí ọ̀rúndún 17, iye wọn ti lé ní 30 nínú ìlú kan ṣoṣo.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tánganran gidi o. Wọn ò ní irú amọ̀ funfun tí Ṣáínà ní, Yúróòpù ò sì rí àṣírí yẹn tú àfi ìgbà tí Meissen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1710. Nítorí náà ohun tí Delft ṣe ni pé wọ́n mú amọ̀ lásán, wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ amọ̀ ẹlẹ́fun tí wọ́n ń kó wá láti Tournai ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sun ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá rì í sínú omi glaze funfun tí wọ́n fi tin sí, irú kùsà tin tí wọ́n ń wà ní Jos lọ́dọ̀ wa náà, àmọ́ ti wọn, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wá. Tí glaze yẹn bá gbẹ, ó máa dà bí ìyẹ̀fun, orí ìyẹ̀fun yẹn ni ayàwòrán á fi búrọ́ọ̀ṣì kun búlúù sí, tó bá ṣì í kun ó ti bọ́ nìyẹn, kò ṣeé pa rẹ́. Wọ́n tún máa ń wọ́n glaze kejì tó mọ́ gaara sí i lórí kó lè máa dán bíi ti Ṣáínà, kwaart ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wá dá a padà sínú iná.

Ẹ wá wò ó. Ara tánganran Ṣáínà funfun wọnú, ó le bí òkúta, tó bá fọ́ funfun náà lẹ máa rí. Delft ò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ awọ funfun yẹn, bisikíìtì ni, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n sun lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò tíì fi awọ bò, ó rọ̀, ó ń fa omi, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí èèpo búrẹ́dì tí ò tíì jinná dáadáa. Awọ àti ara, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń tutù bọ̀ látinú iná wọn kì í fà pọ̀ bákan náà, ìdí tí wọ́n fi ń po ẹfun mọ́ ọn gan-an nìyẹn, kí méjèèjì lè sún mọ́ra wọn, síbẹ̀ ó máa ń ku díẹ̀. Ibi tó bá tẹ́jú, awọ á jókòó pẹ̀sẹ̀. Ibi tó bá ní etí, ibi tó mú ṣóńṣó, ibi tó ṣẹ́ kọ́nà, awọ ò rí nǹkan dì mú dáadáa, ó máa bó. Fritting tí ẹ ń béèrè nìyẹn. Ibi kéékèèké tí awọ ti bó létí, tí àwọ̀ bisikíìtì yọjú. Ó lè ti ibi iná bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé igba ọdún ó lé tí wọ́n ti ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀ ló fà á, àmọ́ Delft àtijọ́ tí ò ní rárá, mi ò rí púpọ̀. Ìdí tí wọ́n fi kọ typical sí i ni pé ó bá irú rẹ̀ mu. Àwọn tó ń ra Delft látọjọ́ pípẹ́ kì í tilẹ̀ dúró ka ìlà yẹn.

Àwa Yorùbá yẹ kó tètè yé wa, ẹ wo ère ìbejì. Èyí tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n fún lóúnjẹ, tí wọ́n fi osùn pa lára títí imú àti ojú rẹ̀ fi yọ̀ tán, ṣé kì í ṣe òun làwọn tó mọyì rẹ̀ ń wá? Yíyọ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ìyá kan fẹ́ràn rẹ̀. Fritting ò ga tó yẹn, mi ò fẹ́ ṣàsọdùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lòun náà, ẹ̀rí pé amọ̀ Delft ni amọ̀ yìí àti pé ó ti pẹ́ láyé.

Ó yá, ìwo àti etí. Ọ̀rúndún 18 ni àwọn ẹranko kéékèèké yìí pọ̀ jù, màálù, ẹṣin, ajá, odídẹrẹ́ tó jókòó sínú òrùka, adìyẹ tó sàba lórí ìtẹ́ tí wọ́n ń fi bọ́tà sí nínú. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, ìdajì ọ̀tún ìdajì òsì, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ amọ̀ mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á lẹ méjèèjì pọ̀, inú rẹ̀ á ṣófo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lẹ ìwo, etí, ìrù mọ́ ọn. Ẹ rí i pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nígbẹ̀yìn tó sì yọ síta jù ni yóò kọ́kọ́ kúrò. Màálù tó ti pé ọdún 260 tí ìwo rẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó wà o, mo ti fi ọwọ́ mi kan án rí, àmọ́ iye rẹ̀ á yàtọ̀ gidigidi, ẹnu £400 kọ́ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nítorí náà horns and ears restored jẹ́ ohun tí mo retí kí n tó kà á. Ìrù tí wọ́n ní restuck, ìyẹn tiẹ̀ sàn ju restored lọ, torí restuck túmọ̀ sí pé ìrù rẹ̀ gan-an ló ṣẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ padà, restored lè túmọ̀ sí pé ìwo yẹn ti sọnù tipẹ́ tí ẹnì kan fi nǹkan mìíràn mọ òmíràn sí i. Ẹ béèrè èwo ni.

Ọ̀rọ̀ firing crack àti hairline, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Firing crack, inú iná ló ti sán, kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Tí ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí i pé etí rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, glaze ti ṣàn wọ inú rẹ̀, kì í sábà gùn sí i mọ́. Wọ́n ta á bẹ́ẹ̀ ní Delft nígbà yẹn, ẹni tó rà á ò sì bínú. Hairline ni ti ẹ̀yìn ìgbà náà, ìlà tín-ín-rín bí irun, etí rẹ̀ mú, ìdọ̀tí ti sábà máa ń wọ inú rẹ̀ tó fi dúdú. Tó bá wà níbi pẹpẹ tí màálù dúró lé nìkan, kò burú. Tó bá gòkè wọ ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tó ń ká mi lára nínú ìwé tí wọ́n kọ yẹn ni ohun tí wọn ò kọ. Wọ́n dárúkọ ìwo, etí, ìrù, ìdí. Wọn ò dárúkọ ẹsẹ̀ àti ọrùn. Màálù máa ń fọ́ ní ìhà méjì tó bá já bọ́, ní ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé pẹpẹ, àti ní ọrùn. Bóyá wọn ò kọ ọ́ torí kò sí níbẹ̀, bóyá wọn ò rí i ni, torí ẹni tó ń kọ kátálọ́ọ̀gù lè ní ọgọ́rùn-ún nǹkan lórí tábìlì lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn, ẹ bi wọ́n tààrà: ṣé ẹsẹ̀ kankan ti ṣẹ́ rí, ṣé orí ti kúrò lọ́rùn rí, ṣé peńtì wà níbòmíì yàtọ̀ sí ìwo àti etí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi fọ́tò abẹ́ méjèèjì àti fọ́tò tí ẹ yà lábẹ́ iná UV, iná tó máa ń fi ibi tí wọ́n tún ṣe hàn, ránṣẹ́. Ilé gbàǹjo tó dáa kì í bínú sí ìbéèrè báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáhùn ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé, ẹ má fi mọ sórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí peńtì yìí torí òun gan-an ni ọ̀tá. Tí ìwo bá ṣẹ́, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá mọ òmíràn sí i tó kun ìwo yẹn nìkan, ó dáa, ẹ mọ ibi tí òótọ́ parí sí àti ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ láyé àtijọ́, àní títí di òní lọ́wọ́ àwọn kan, wọn kì í fẹ́ kí ojú àlẹ̀mọ́ hàn rárá, nítorí náà wọ́n á fi ẹ̀rọ fín peńtì kọjá ojú ibi tó ṣẹ́, á bo iwájú orí, á bo ọrùn, á ṣàn dé èjìká, gbogbo glaze àtijọ́ tí nǹkan kan ò ṣe á wà lábẹ́ peńtì ọdún 1970. Ojú ò ní rí i. Lẹ́yìn ogún ọdún peńtì yẹn á wá pọ́n bí òrí, ẹni tó ni ín ò ní mọ ohun tó fà á. Mo ra odídẹrẹ́ kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ilé gbàǹjo tó tà á kọ "minor restoration to tail" sí i, mo gbé e délé, mo tan iná UV sí i lálẹ́, láti ìrù títí dé àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ló funfun bí wàrà, apá kan ẹyẹ yẹn kì í ṣe ẹyẹ mọ́, peńtì ni. Ó dùn mí gan-an. Látìgbà yẹn mi ò ka ọ̀rọ̀ minor sí nǹkan kan, mo máa ń ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí fún mi.

Iná UV yìí kò wọ́n, tọ́ọ̀ṣì kékeré ni, ẹ ra ọ̀kan kí ẹ mú un lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fún ìwòran. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní igun kan tó ṣókùnkùn. Glaze àtijọ́ á ní àwọ̀ kan lábẹ́ iná yẹn, peńtì àti gọ́ọ̀mù tuntun á tàn lọ́tọ̀, nígbà míì funfun bàìbàì, nígbà míì bí ewé tó pọ́n. Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ló máa tàn o, àwọn ohun èlò kan wà báyìí tí wọn kì í hàn lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ lo ọwọ́ yín pẹ̀lú. Glaze tutù bí gíláàsì, peńtì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ìka tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ẹ wo dídán rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú iná ojú fèrèsé, ibi tí dídán ti yí padà lójijì, ibi tí ojúhò kéékèèké glaze ti dáwọ́ dúró tí ara wá ń yọ̀ geerege, ẹ dúró níbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ fi abẹ́rẹ́ họ ọ́ tàbí kí ẹ fi acetone nù ún, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan olóhun ni, ẹ má ṣe é.

Nǹkan kan ṣì wà tó máa ń ṣi àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́nà. Àwọn ère Delft kan wà tí wọ́n kun lẹ́yìn tí wọ́n ti sun ún tán, wọn ò dá a padà sínú iná mọ́, pupa àti dúdú ló sábà máa ń jẹ́, kíkùn tútù ni. Ó máa ń ṣí kúrò, ó máa ń ku kín-ń-kín sínú ihò imú àti láàárín pátákò. Tí ẹ bá rí i ẹ lè rò pé àtúnṣe tí ò dáa ni. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ará Delft gan-an ló kùn ún. Nítorí náà ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni kó nù ún.

Ó kù nípa bóyá méjèèjì jẹ́ ìkejì ara wọn lóòótọ́. Wọ́n máa ń ṣe wọ́n kí ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún kí ìkejì kọjú sósì, kí wọ́n lè máa wo ara wọn lórí pẹpẹ, irú èyí tí wọ́n fi òdòdó dé lórí tí wọ́n sì fi so mọ́ wọn lára yẹn, àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé ó rántí bí ẹgbẹ́ àwọn alápatà ní Hóláǹdì ṣe máa ń fi òdòdó ṣe akọ màálù lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó mú un yí ìlú ká. Ẹ fi tépù wọn gígùn pẹpẹ méjèèjì, ẹ wo bóyá búlúù wọn jọra, bóyá ọwọ́ tó ya ewé ara ọ̀kan ló ya ti ìkejì, bóyá funfun wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníṣòwò kan rí ẹyọ kan níbí rí ẹyọ kan lọ́hùn-ún tó sì so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ san owó ìbejì fún ọmọ ìyá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àmì àáké yẹn ńkọ́? Ẹ má gbé ọkàn lé e jù. Lóòótọ́ De Porceleyne Byl ló ni ín, ní 1764 àwọn ilé iṣẹ́ Delft sì lọ forúkọ àmì wọn sílẹ̀ nílùú, ṣùgbọ́n kí ni ó rọrùn ju kíkùn àáké sábẹ́ màálù lọ? Nígbà tí iṣẹ́ Delft kú tán, tí àwo Gẹ̀ẹ́sì ti lé e kúrò lọ́jà, tí ó ku De Porceleyne Fles nìkan láàárín ọ̀rúndún 19, àwọn olówó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá Delft àtijọ́ kiri, ìgbà yẹn làwọn ilé iṣẹ́ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ rẹ̀, Samson ní Paris wà lára wọn, wọ́n ń da màálù, wọ́n ń da odídẹrẹ́, wọ́n sì ń kọ àmì àtijọ́ sábẹ́ wọn. AK, tó jẹ́ ti Adrianus Kocx tó ni De Grieksche A láti 1686 sí 1701, ẹni tí Ọbabìnrin Mary kejì rán níṣẹ́ fún ààfin Hampton Court, òun ni wọ́n dà jù. Tí ẹ bá rí AK lábẹ́ màálù tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti 1760, ẹ ṣírò ọdún yẹn fúnra yín.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ màálù kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ yá. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n pè é ní Delft, wọn ò kọ ọdún. Ẹni tó ń kọ kátálọ́ọ̀gù kì í gbàgbé ọdún lórí nǹkan tó bá ti ọ̀rúndún 18 wá, torí ọdún yẹn gan-an ló ń mówó wá. Tí wọn ò bá kọ ọ́, wọn ò gbà pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Good overall condition náà ò sọ pé kò sí àtúnṣe, ó kàn sọ pé ó dáa lójú ẹni tó kọ ọ́. Ìwo méjèèjì wà, etí wà, ìrù wà, kò sí ibi kankan tí awọ ti bó, lára nǹkan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìwo rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ? Ọ̀nà méjì ni. Bóyá wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe tí peńtì bò ó, bóyá iṣẹ́ ọ̀rúndún 19 tàbí ti 20 ni. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ Holland tàbí Made in Holland síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, òfin Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1890 ló mú kí wọ́n máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sára ọjà. Tí ẹ bá rí àwòrán ìgò kékeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Delft tí wọ́n kọ jáde pátápátá, De Porceleyne Fles ni, lẹ́yìn tí Joost Thooft rà á ní 1876, láti 1879 sì ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà kan ṣàmì ọdún sí i, ohun gidi ni, ohun tó lẹ́wà ni, àmọ́ kì í ṣe Delft àtijọ́. Ẹ sì wo inú rẹ̀ tí ihò bá wà lábẹ́. Nínú ti àtijọ́, ẹ lè rí ibi tí ìka ti tẹ amọ̀ àti ojú ibi tí ìdajì méjì ti pàdé, kò dọ́gba, ó ní ìwúwo níbì kan ju ibòmíì lọ. Tí inú rẹ̀ bá yọ̀ tó dọ́gba káàkiri, omi amọ̀ ni wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ìgbà tuntun lèyí tó pọ̀ jù nínú irú wọn.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ra ẹyọ kan yẹn o. Tó bá jẹ́ pé ohun tó jọ ti ìyá lẹ fẹ́ kí ojú yín máa rí láàárọ̀, £80 lórí màálù ọdún 1900 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹn ni kó jẹ́ pé ẹ mọ ohun tí ẹ rà.

Owó ńkọ́, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Iye tí wọ́n bá fi òòlù kàn kọ́ ni ẹ máa san. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á fi nǹkan bí 25% lé e, VAT 20% á gun orí 25% yẹn, nítorí náà £500 á di £650 kí ẹ tó gbé e. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti nawọ́, ìkànnì tí ẹ gbà wọlé lè gba tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í di ẹrù fúnni, ẹ ṣírò owó ẹni tó máa dì í mọ́ ọn tàbí kí ẹ lọ gbé e fúnra yín. Tí ẹ bá sì rí àbùkù tuntun nígbà tí ẹ délé, wọn ò ní dá owó padà, ìwé àdéhùn wọn máa sọ pé ojú tí ẹ fi rí i lẹ fi rà á, àyẹ̀wò ara tí wọ́n kọ kàn jẹ́ èrò tiwọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa gbà padà ni àyédèrú tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti fi tan ni jẹ, ó sì ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ké gbàjarè. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìbéèrè nípa ẹsẹ̀ àti ọrùn wà nínú ímeèlì.

Báwo ni mo ṣe máa díwọ̀n rẹ̀ tí n bá wà nípò yín? Tí ẹsẹ̀ àti ọrùn bá wà bí wọ́n ṣe wà látilẹ̀, tí peńtì ò kọjá ìwo àti etí, tí wọ́n jẹ́ ìkejì ara wọn lóòótọ́, mi ò ní bẹ̀rù £600 yẹn. Tí ọrùn ọ̀kan bá ti ṣẹ́ rí, màá jẹ́ kó ku sí ìdajì. Tí peńtì bá bo orí méjèèjì, màá fi ọwọ́ mi sápò, àyàfi tí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ gan-an, torí yíyọ peńtì yẹn kúrò jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ títọ́jú amọ̀, owó rẹ̀ lè ju ti màálù lọ.

Tí ẹ bá sì rà á, ẹ dákun, ẹ má rì í sínú omi. Mo mọ bí a ṣe máa ń ṣe, a ra nǹkan àlòkù, a fẹ́ fọ̀ ọ́ kó mọ́. Ara Delft ń fa omi mu láti ibikíbi tí awọ ti bó, ìdọ̀tí á bá omi wọlé, á wá hàn lábẹ́ funfun bí àbàwọ́n tíì. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n fi lẹ ìrù yẹn lè yọ́ nínú omi gbígbóná, tó bá jẹ́ pé POP ni wọ́n fi mọ ìwo, á rọ̀. Blíìṣì ló burú jù, iyọ̀ rẹ̀ máa ń jókòó sínú amọ̀, tó bá gbẹ á máa ti awọ síta láti inú. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, irú èyí tí ẹ fi ń lẹ ìyẹ̀fun sójú, òun ni kí ẹ fi máa gbọn eruku rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e, ẹ fi ọwọ́ kan sábẹ́ ìdí rẹ̀ kí ìkejì di ara rẹ̀ mú, ẹ má di ìwo tàbí ẹ̀yìn mú láéláé. Ẹ má gbé e sórí pẹpẹ tó wà lórí iná tí ń gbóná tó ń tutù, kódà tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ti ìyá wà.

Kó tó di ọjọ́ ìwòran, tí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ wọ rélùwéè lọ sí V&A ní South Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí fún ìwòran ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gun òkè pátápátá lọ síbi tí wọ́n kó àwo àti amọ̀ sí. Ẹ wá Delft wọn, ẹ má wo òdòdó ara rẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀. Ẹ dúró pẹ́ níwájú rẹ̀ títí ojú yín á fi mọ bí awọ ṣe ń bó lára nǹkan tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún níbẹ̀ á ṣe yín lóore ju gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Tí ilé gbàǹjo bá ti fi fọ́tò abẹ́ màálù méjèèjì ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, pàápàá fọ́tò UV ti ọrùn èyí tí ìrù rẹ̀ ṣẹ́ yẹn, torí tí ìrù bá fi agbára ṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló fi já bọ́, ọrùn náà sì lè ti ṣẹ́ nígbà yẹn.